Ṣúgà Màmá já sí 2.6 lẹ́yìn Septrin àti àgbo: ta ni ká bá wí?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Màmá rẹ̀, ẹni ọdún 68, ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn obìnrin kan tó ṣì wà ní ilé ìwé girama. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn. Glucophage àti Daonil ni wọ́n ń lò fún ṣúgà, lisinopril àti Moduretic fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ara wọn gbóná, wọn kò lè jẹun. Oníkẹ́mísì àdúgbò ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, ó fún wọn ní Septrin, ó fi diclofenac kún un fún orúnkún tó ń dùn wọ́n. Aládùúgbò kan náà gbé àgbo ejìnrìn wá. Ní ìdájí ọjọ́ karùn-ún, ọmọ-ọmọ bá wọn lórí ibùsùn, aṣọ wọn rin gbingbin fún ìlàágùn, ara wọn tutù, wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú pe ọmọ náà. Ẹ̀rọ ka 2.6. Aládùúgbò ní ká yin Ọlọ́run, pé àgbo ti jẹ́, ṣúgà ti tán lára wọn. Ọmọ yẹn kò dá a lóhùn, ó sáré po tíì olóṣúgà, Màmá mu ún, ojú wọn sì wálẹ̀. Arábìnrin wá béèrè pé: "Ṣé oògùn ṣúgà ló fẹ́ pa màmá mi ni? Ṣé kí n ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró? Oògùn wo gan-an ni kò gbọdọ̀ bá èwo pàdé?"

Arábìnrin mi, ẹ kú àìsùn. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, òun ló gba ẹ̀mí là nínú ilé yẹn. Kí n tó dáhùn ìbéèrè yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ti òní.

Ẹ gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kódà bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n sì ní ara àwọn ti yá. Daonil máa ń pẹ́ lára. Ó lè tó ọjọ́ kan gbáko kó tó kúrò, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lára àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára bíi ti àtijọ́. Ṣúgà inú tíì gbé wọn dìde láàárọ̀, ṣùgbọ́n yóò tán kí Daonil tó tán. Mo mọ bàbá kan tí wọ́n fi omi ṣúgà jí dìde ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, tí kálukú ti gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó tún dákú, kò sì sí ẹni tó wà nílé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó sùn, kí wọ́n máa wọn ṣúgà rẹ̀ ní wákàtí sí wákàtí.

Kí wọ́n tó rí dókítà, kí wọ́n má fẹnu kan Daonil, Septrin, diclofenac àti àgbo mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti Glucophage, ẹ kó wọn dání lọ, kí dókítà sọ bóyá kí wọ́n lò ó lónìí tàbí kí wọ́n dúró de èsì àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò tí mo ń wí ni èyí tí wọ́n máa ń kọ E/U/Cr sí lórí ìwé, ìyẹn àyẹ̀wò iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣẹ́ kíndìnrín. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é. Màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣúgà nìkan.

Ó yá, ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ṣúgà tó já sí 2.6 kì í ṣe ìwòsàn rárá. Ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà oríṣi méjì ló wà nígboro: àwọn kan ń ka nọ́ńbà kékeré bíi 5 tàbí 7, àwọn kan ń ka nọ́ńbà ńlá bíi 90 tàbí 126. Bí ẹ bá fi 18 lọ́po nọ́ńbà kékeré, ẹ ó rí nọ́ńbà ńlá. 2.6 ti Màmá, bíi 47 ni. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, bí ṣúgà rẹ̀ bá ti wá sísàlẹ̀ 4, tàbí sísàlẹ̀ 70 lórí ẹ̀rọ kejì, kó wá nǹkan dídùn fi sẹ́nu. Bó bá ti kéré ju 3 lọ, ọpọlọ ti ń pebi nìyẹn, torí ọpọlọ kò ní àká tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé dé lójú ẹsẹ̀ ló ń jẹ. Òun ni Màmá fi ń pe ọmọ-ọmọ wọn ní orúkọ òkú. Mo sọ èyí torí mo ti rí i tí wọ́n gbé irú wọn lọ sórí òkè àdúrà, tí wọ́n ní ẹni tó ti kú ló wá ń pè wọ́n. Mo ti rí èyí tí wọ́n ní ó mutí yó pẹ̀lú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó kàn ṣàdédé ń bínú sí gbogbo ayé, ẹ wọn ṣúgà rẹ̀ ná. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ ṣe bí ẹni pé ó ti wálẹ̀, ẹ fún un ní nǹkan dídùn. Ṣúgà tó lọ sókè díẹ̀ fún wákàtí kan kò ní pa á, ṣùgbọ́n èyí tó wálẹ̀ lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ kò pọ̀: ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣúgà nínú ife omi, tàbí ìdajì ìgò mínírà kékeré, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ní kò ní ṣúgà, tàbí ṣíbí ọbẹ̀ kan oyin. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wọ̀n, bí kò bá tíì tó 4, ẹ tún un ṣe. Nígbà tó bá ti gòkè ni kí wọ́n wá jẹ oúnjẹ gidi, ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín, tàbí búrẹ́dì. Tíì tí ọmọ yẹn pò dára. Lọ́jọ́ mìíràn kó má fi mílíìkì sí i, torí ọ̀rá inú mílíìkì máa ń dá ṣúgà dúró lọ́nà. Ẹni tó bá ti dákú, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ omi ṣúgà, ì báà jẹ́ epo pupa. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi ṣúgà sí i nínú iṣan.

Ó kù kí n dá yín lóhùn lórí ẹni tó jẹ̀bi. Glucophage kọ́ o. Glucophage, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ metformin, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kó má máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ jù, ó sì ń jẹ́ kí ara gbọ́ràn sí ínsúlínì tó wà nílẹ̀, ìyẹn ohun tí ara ń pèsè láti fi já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí a bá lò ó lóun nìkan, kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ débi ewu. Daonil yàtọ̀. Glibenclamide lorúkọ rẹ̀ gan-an. Òun ń ti ẹ̀yà ara tó ń pèsè ínsúlínì nídìí pé kó máa tú u jáde ṣáá. Daonil kì í béèrè bóyá ẹ ti jẹun. Màmá gbé e mì lálẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ògì díẹ̀ ni wọ́n mu lálẹ́ ọjọ́ yẹn torí ibà. Ínsúlínì jáde, kò bá oúnjẹ níbẹ̀, ó wá yíjú sí ìwọ̀nba ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú wọn làágùn lóru, kí Septrin tó dá sí i rárá.

Kí n má fi èrò mi pamọ́: inú mi kì í dùn tí mo bá rí Daonil lọ́wọ́ ẹni ọdún 68. Kì í ṣe èmi nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú àkójọ àwọn oògùn tó ṣe kókó pé glibenclamide kò yẹ ẹni tó bá ti ju 60 ọdún lọ, gliclazide ni wọ́n fi síwájú. Diamicron ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ọ́n sí. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà náà fi sínú ìwé tí wọ́n máa ń kọ àwọn oògùn tó yẹ kí àgbà yẹra fún sí. Síbẹ̀ ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa torí kò wọ́n. Mo mọ̀ pé owó ni ọ̀rọ̀, n kò ní bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà léèrè pé: "Ṣé a lè pààrọ̀ Daonil yìí?" Ìbéèrè tó bójú mu ni, dókítà tó gbọ́n kò ní bínú sí i. Wọ́n lè fi gliclazide kékeré rọ́pò rẹ̀, wọ́n lè lo vildagliptin tàbí sitagliptin tí kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀, wọ́n sì lè rí i pé Glucophage nìkan ti tó.

Ti Septrin ló wá jọ mí lójú jù nínú lẹ́tà yín, torí ìtàn àtijọ́ kan ló tún ara rẹ̀ sọ. Ní 1942, nílùú Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, dókítà kan tó ń jẹ́ Marcel Janbon ń fi oògùn tuntun kan tó jẹ́ ẹ̀yà sọ́fà (sulfa), ìdílé oògùn tí Septrin wà, wo àwọn alárùn táífọ́ọ̀dù. Àwọn aláìsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, gìrì ń mú wọn, àwọn kan kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ṣúgà ti já wálẹ̀ kọjá ààlà. Onímọ̀ kan nílùú yẹn kan náà, Auguste Loubatières, tọpasẹ̀ rẹ̀ títí tó fi hàn pé oògùn náà ń mú ara tú ínsúlínì jáde. Ibẹ̀ ni ìran oògùn tí Daonil ti wá ti ṣẹ̀. Torí náà, mọ̀lẹ́bí ni Daonil àti Septrin. Oníkẹ́mísì yín fi sọ́fà wo táífọ́ọ̀dù lára ẹni tó ti ń lo sọ́fà fún ṣúgà tẹ́lẹ̀, kò sì mọ̀.

Ohun tí Septrin ń ṣe nígbà tó bá pàdé Daonil ni pé ó ń dí ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ ń gbà fọ́ Daonil sí wẹ́wẹ́. Hóró kan tí Màmá gbé mì wá ń ṣiṣẹ́ bíi pé ó ju ẹyọ kan lọ, ó sì ń pẹ́ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Bó ti ń di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ó ń gun orí ara wọn. Ẹ wò ó pé ọjọ́ kìn-ín-ní kọ́ ló ṣẹlẹ̀, ọjọ́ karùn-ún ni.

Septrin tún ní ẹjọ́ kejì, òun ni mo fi ní kí ẹ ṣe E/U/Cr. Iyọ̀ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ potassium, òun ló ń bá ọkàn ṣètò bó ṣe ń lù. Lisinopril kì í jẹ́ kí kíndìnrín dà á nù dáadáa. Oògùn méjì ló wà nínú Moduretic, ọ̀kan nínú wọn náà ń dì í mú. Diclofenac ń dì í mú. Ẹ̀yà kejì inú Septrin, trimethoprim, ń dì í mú. Ẹni mẹ́rin di okùn kan ṣoṣo mú lára obìnrin ẹni ọdún 68! Bí potassium bá ga jù, ọkàn lè dúró láìkìlọ̀, kò ní kí èèyàn làágùn tàbí kó gbọ̀n kí wọ́n tó mọ̀. Mi ò sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí Màmá. Mo ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lónìí.

Ti diclofenac náà kò mọ síbẹ̀. Lisinopril, Moduretic àti oògùn ara ríro bíi diclofenac tàbí ibuprofen, bí wọ́n bá pé mẹ́ta lára ẹnì kan ṣoṣo, pàápàá nígbà tí ibà ti gbẹ omi ara rẹ̀, wọ́n lè da kíndìnrín dùbúlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kíndìnrín tó bá sì dákẹ́, òun ló yẹ kó da metformin nù. Metformin yóò wá kó jọ, èérí kíkan kan yóò sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Fún orúnkún Màmá, parasitamọ́ọ̀lù ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò, tàbí ìpara tí wọ́n ń fi pa ojú ibi tó ń dùn wọ́n. Lórí èsì àyẹ̀wò yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ eGFR sí, nọ́ńbà tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Bó bá wà lókè 45, metformin kò ní wàhálà. Láàárín 30 sí 45, wọ́n máa ń dín in kù. Bó bá kéré ju 30 lọ, wọ́n máa ń dá a dúró.

Àgbo ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ń retí pé kí n bú u. Ejìnrìn ń já ṣúgà wálẹ̀ lóòótọ́, ewúro náà lágbára tirẹ̀, àwọn bàbá wa kò purọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ni pé ó ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ni ẹ̀rù rẹ̀? Ẹni tó gbé Daonil mì tó sì mu ife ejìnrìn kan lé e ti lo oògùn méjì fún iṣẹ́ kan náà, èyí èkejì kò sì ní ìwọ̀n. Èyí tí wọ́n sè lónìí lè le ju ti àná lọ. Ewúro inú ọbẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ ní tiyín. Omi ewúro tí wọ́n fún kúnkún tí wọ́n ń mu ní àárọ̀ kó tó di pé wọ́n jẹun, oògùn nìyẹn, kì í ṣe oúnjẹ, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ ṣe ń sọ ti Daonil. Èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà kò gbọdọ̀ mu ún rárá: ọtí ń dá ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kọ́ kó má lè tú ṣúgà ìrànwọ́ jáde nígbà tí ti ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀.

Ti inú ike olórúkọ ńlá, tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ tilẹ̀ sá fún jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ní Singapore, àádọ́jọ èèyàn tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá ló wọ ilé ìwòsàn torí ṣúgà tó já wálẹ̀. Oògùn amúkùnrinle àti egbòogi ayédèrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lò, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá glibenclamide níbẹ̀, Daonil yìí gan-an, tí ẹnì kan lọ̀ mọ́ ọn. Mẹ́rin nínú wọn kú. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé egbòogi wá tó ní ó ń já ṣúgà wálẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, èyí ni mo máa ń rò.

Àwọn oògùn mìíràn tó lè fi kún agbára Daonil àti àwọn ìbátan rẹ̀, ẹ kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé: ciprofloxacin tí wọ́n ń pín fún táífọ́ọ̀dù bíi gúgúrú, tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, mú ìkìlọ̀ rẹ̀ le sí i ní 2018 nítorí ṣúgà tó ń já wálẹ̀, fluconazole tí àwọn obìnrin ń lò fún ojú ara tó ń yún, clarithromycin, àti kuiníìnì fún ibà, torí òun náà ń mú ara tú ínsúlínì jáde. Oògùn ibà tí a ń lò báyìí, artemether àti lumefantrine, kò ní irú wàhálà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà fúnra rẹ̀ lè já ṣúgà wálẹ̀. Propranolol àti atenolol, tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kò fi bẹ́ẹ̀ já ṣúgà wálẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fi àmì pamọ́: ọwọ́ kò ní gbọ̀n, ọkàn kò ní lù kìkì. Ìlàágùn nìkan ni wọn kì í lè fi pamọ́. Ẹni tó ń lo wọ́n, bó bá ṣàdédé ń làágùn, kó má sọ pé ooru ni.

Ọ̀nà kejì tún wà, èyí tó ń gbé ṣúgà sókè. Níbi yìí, dexamethasone àti prednisolone, oògùn tí wọ́n ń lò fún ara wíwú, ni olórí. Ọ̀gá awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, oníbàárà mi tipẹ́, ṣúgà rẹ̀ kì í ju 130 lọ láàárọ̀. Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ ka 380. Ó búra pé òun kò jẹ gàárì, òun kò mu mínírà. Mo ní kó bọ́ àpò bàbáríga rẹ̀ sórí káńtà. Ọ̀rá kékeré kan jáde, hóró róbótó-róbótó funfun àti àwọ̀ ewé, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ẹnì kan ló ń tà á fún wọn ní ìdíkọ̀, wọ́n ń pè é ní oògùn orúnkún, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń lò ó òun lè gun àtẹ̀gùn. Dexamethasone ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọn kò gbọdọ̀ já a dúró lójijì bó bá ti pẹ́ tó ń lò ó, torí ara ti gbàgbé bó ṣe ń pèsè irú ohun yẹn fúnra rẹ̀. Dókítà ló ń bá wọn dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti gbé oògùn ṣúgà sókè nítorí rẹ̀, tí wọn kò rántí dá a padà sílẹ̀ nígbà tí dexamethasone bá lọ, ṣúgà yóò já wálẹ̀. Ẹgbẹ́ Màmá yín ló kún ọjà oògùn orúnkún, ẹ bi wọ́n pẹ̀lẹ́.

Moduretic náà ń gbé ṣúgà sókè díẹ̀, kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ ń mú ẹ̀dọ̀ yára fọ́ Daonil dànù, ṣúgà á gòkè. Ẹni tó ń lo dolutegravir fún kòkòrò HIV, metformin máa ń pọ̀ sí i lára rẹ̀, kò yẹ kó kọjá 1,000 mg lóòjọ́ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i.

Glucophage kò jẹ̀bi ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe áńgẹ́lì. Inú rírun, ìrìndọ̀, ìgbẹ́ gbuuru, ẹnu tó ń ṣe bí ẹni lá irin: wọ́n pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n máa lò ó láàárín oúnjẹ tàbí ní kété tí wọ́n bá jẹun tán, kí wọ́n fi ìwọ̀n kékeré bẹ̀rẹ̀. Oríṣi tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń kọ XR sí lára, máa ń rọ ikùn lọ́rùn. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má lọ̀ ọ́. Àwọn kan á rí èèpo rẹ̀ nínú ìgbẹ́, wọ́n á ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́, èèpo lásán ló jáde.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bá wọn sọ ni ti fítámì B12. Ẹni tó bá ti ń lo metformin láti ọdún púpọ̀, ara rẹ̀ kì í gba B12 inú oúnjẹ dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ á máa kú, á máa jó bí ata, ó lè máa rẹ èèyàn, ó lè máa gbàgbé nǹkan. Gbogbo èèyàn á ní àtọ̀gbẹ ló ń jẹ ẹsẹ̀, nígbà mìíràn lóòótọ́ òun ni, nígbà mìíràn B12 ni, èyí tí abẹ́rẹ́ tàbí hóró oògùn lè tún ṣe. Ní 2022 àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Britain rọ àwọn dókítà pé kí wọ́n máa yẹ B12 wò lára irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ti Màmá ti tó. Ẹ bá wọn fi kún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ya àwòrán inú ara tí wọ́n máa ń gún oògùn sí iṣan kí àwòrán náà lè hàn, ẹ sọ pé metformin wà lára wọn.

Àwọn oògùn tuntun tí ọmọ òkè òkun ń fi ránṣẹ́ sílé, èmi kì í kọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbà. Dapagliflozin àti empagliflozin ń fi ìtọ̀ gbé ṣúgà jáde. Ìtọ̀ á pọ̀, ojú ara á máa yún, ẹni tó ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ tàbí tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, kí dókítà bá a mú ọjọ́. Semaglutide máa ń rìn wọ́n níkùn púpọ̀, àgbàlagbà tó ti rù kò nílò rẹ̀.

Ìbéèrè yín kejì, ṣé kí wọ́n dá gbogbo oògùn dúró? Rárá. Daonil, Septrin, diclofenac àti àgbo tí mo dárúkọ lókè ni kí wọ́n dá dúró kí dókítà tó sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ nù nínú ìbẹ̀rù, ọ̀sẹ̀ méjì sí i ẹ ó tún padà kọ̀wé sí mi, ṣúgà á ti di 450, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ á ti yọjú.

Lọ́la, ẹ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àpò kan. Kí ẹ kó gbogbo ohun tí Màmá ń gbé mì sínú rẹ̀: èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, èyí tó wà nínú àpò ìlọ ṣọ́ọ̀ṣì, ike àgbo, fítámì tí ọmọ Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́, ọ̀rá oògùn orúnkún bó bá wà. Ẹ má kó ìwé dókítà nìkan, torí ìwé kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì dókítà tàbí ti apòògùn. Ẹ kọ́ ọmọ-ọmọ yẹn ní gbólóhùn kan tí yóò máa sọ ní kẹ́mísì kí wọ́n tó ta ohunkóhun fún un: "Màmá mi ní àtọ̀gbẹ, wọ́n ń lo oògùn ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé èyí bá a mu?" Bí oníkẹ́mísì bá rẹ́rìn-ín, kó wá ibòmíràn lọ.

Ní ti táífọ́ọ̀dù tí oníkẹ́mísì ní ó wà lára wọn: bó bá jẹ́ àyẹ̀wò Widal ló fi mọ̀ ọ́n, àyẹ̀wò yẹn máa ń pe ohun tí kì í ṣe táífọ́ọ̀dù ní táífọ́ọ̀dù. Kí ilé ìwòsàn gbin ẹ̀jẹ̀ wọn wò, láti mọ̀ bóyá kòkòrò táífọ́ọ̀dù á hù níbẹ̀, kí wọ́n tó fún wọn ní oògùn mìíràn, kí ẹni tó máa kọ ọ́ sì ti rí gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì. Septrin tó kù nínú páálí, ẹ dá a padà fún apòògùn. Ẹ má jẹ́ kí aládùúgbò yẹn bá yín gbé e lọ.